Ṣé ká ṣì máa kọ́ ọmọ ọdún 14 ní gírámà Gẹ̀ẹ́sì nílé, àbí ká fi sílẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Houston:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Àkọ́bí mi obìnrin, ẹni ọdún 14, yóò bẹ̀rẹ̀ ipele kẹsàn-án ní oṣù kẹjọ. Ilé la ti ń kọ́ ọ láti kékeré. Ọdọọdún la máa ń ra ìwé iṣẹ́ gírámà Gẹ̀ẹ́sì: kó fa ìlà sábẹ́ olùwà, kó fi òbìrìkìtì yí ọ̀rọ̀-ìṣe ká, kó sọ èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀-atọ́kùn. Bí ẹ bá jí i lóru, á dá yín lóhùn. Àmọ́ ẹ ní kó kọ àròkọ, ẹ óò rí kọ́mà níbi tí kò yẹ, apostrophe á sọnù, gbólóhùn méjì tó dá dúró á lẹ̀ mọ́ra láìsí ohun tó so wọ́n pọ̀. Ohun tó mọ̀ nínú ìwé iṣẹ́ kì í tẹ̀ lé e dénú ìwé tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

Mo ti rí ìwé ti ọdún tó ń bọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mi ò tíì sanwó. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n jáwọ́ nínú gírámà pátápátá, pé ọmọ tó bá ń kàwé dáadáa kò nílò rẹ̀ mọ́. Bàbá wọn ní òfin Texas dárúkọ gírámà, pé kò sí bí a ṣe fẹ́ yọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ọmọ nílé kọjá ọjọ́ orí yìí, kí lẹ ṣe?

Bàbá Àkọ́bí, Dallas:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbè sẹ́yìn Bàbá Ìbejì, torí òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹjọ́ Leeper tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Texas dá ní 1994 ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ilé tí òbí ti ń kọ́ ọmọ rẹ̀ wà lábẹ́ òfin ilé-ìwé aládàáni. Nǹkan márùn-ún ni wọ́n ní ká kọ́ ọmọ: ìwé kíkà, sípẹ́lì, gírámà, ìṣirò, àti bí a ṣe ń jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè rere. Ètò ẹ̀kọ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ojúlówó, kó sì jẹ́ ohun tí a lè fojú rí, bí ìwé tàbí fídíò.

Ibi tí òfin dúró sí nìyẹn. Kò sọ pé ọdọọdún lẹ gbọ́dọ̀ ra ìwé tí wọ́n kọ gírámà sí lẹ́yìn. Bí ọmọ bá ń kọ àròkọ, tí ẹ jọ ń tún gbólóhùn rẹ̀ ṣe, tí ẹ sì ń tọ́jú iṣẹ́ náà sínú fáìlì, gírámà lẹ ń kọ́ ọ yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹ lọ ka òfin tiyín. Ti ibí yàtọ̀ sí ti ọ̀hún gan-an.

Ìyá Ọmọ Mẹ́rin, Maryland:

Ẹ má rà á. Ọmọ tó ti mọ ọ̀rọ̀-orúkọ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀-ìṣe láti ìgbà pípẹ́, kí ló tún fẹ́ lọ wá níbẹ̀? Nínú èyí tí mo rà, ohun tó wà nínú ti ipele keje náà ló wà nínú ti ipele kẹwàá, wọ́n kàn mú kí gbólóhùn gùn sí i ni.

Nílé wa, ojú ìwé kan ni wọ́n ń kọ lọ́sẹ̀. Ó lè jẹ́ lórí ìtàn, ó lè jẹ́ lórí sáyẹ́ǹsì tàbí lórí bọ́ọ̀lù tí wọ́n wò. Mi ò fi bírò pupa kun ún. Màá fi pẹ́ńsù sàmì sétí ìlà tí àṣìṣe wà, mi ò ní sọ ohun tó jẹ́. Òun ni yóò wá a. Nígbà míì á jókòó tì í, á ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, màá ní kó ka ìlà náà sókè kí etí rẹ̀ gbọ́ ọ. Púpọ̀ ìgbà, ó máa ń rí i kó tó kà á tán. Bí èmi bá bá a tún un ṣe, èmi ni mo kẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹ má sì mú ju oríṣi àṣìṣe méjì lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá sàmì sí gbogbo nǹkan, ọmọ á sọ bírò sílẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Leeds:

Ẹ dákun, ká má fi ọmọ kan ṣe òdiwọ̀n gbogbo ọmọ. Ọmọ tí wọ́n bí sí Houston yàtọ̀ sí ọmọ tó ti Ìjẹ̀bú-Òde dé nígbà tó ti pé ọdún 13. Irú èyí tó dé yẹn ni mò ń kọ́ nílé báyìí, àbúrò ọkọ mi ni. Ọpọlọ rẹ̀ jí pépé, ó ń kàwé bí ẹni ń mumi, ṣùgbọ́n gírámà Yorùbá ló ń fi kọ Gẹ̀ẹ́sì. Tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, á kọ «My mother said he is coming». Ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀ kì í gba «s». Ṣé ẹ rí i, mo lọ, ó lọ, wọ́n lọ, «lọ» wa kì í yí padà torí ẹni tó lọ tàbí ìgbà tó lọ, «ó» wa náà kò sì ya ọkùnrin sọ́tọ̀ lára obìnrin. Ìwé kíkà nìkan kò wo ìyẹn sàn, torí ojú rẹ̀ ń fò ó.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò ẹni tí yóò jókòó tì í, tí yóò kọ́ ọ ní tààrà. Mo fa ìlà sí àárín ìwé, mo kọ ti Yorùbá sí apá kan, ti Gẹ̀ẹ́sì sí apá kejì, a jọ ń wá ibi tí wọ́n ti yà. Láti ìgbà tó ti rí i pé òfin tí òun ń tẹ̀ lé wà, pé ti èdè mìíràn ló jẹ́, ìtìjú ti kúrò lójú rẹ̀, kò bẹ̀rù láti kọ̀wé mọ́.

Fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní England, ẹ mọ̀ pé abala 7 òfin ẹ̀kọ́ 1996 ló fún wa láyè láti kọ́ ọmọ nílé, kò sì pọn dandan ká tẹ̀ lé kòríkúlọ́ọ̀mù ìjọba. Àmọ́ ìdánwò ò mọ ọmọ ilé yàtọ̀ sí ọmọ ilé-ìwé. Nínú GCSE English Language, ìdánwò tí àwọn ọmọ ibí ń ṣe ní nǹkan bí ọdún 16, ìdá 20 nínú 100 gbogbo máàkì ló wà fún sípẹ́lì, àmì ìkọ̀wé, àti bí gbólóhùn ṣe gún sí. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Màmá Tíṣà, Abẹ́òkúta:

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó ń bá mi wo fóònù ló ka ìbéèrè yìí sí mi létí, mo ní kó jẹ́ kí n dáhùn. Gẹ̀ẹ́sì ni mo kọ́ ní ilé-ìwé girama títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ìyá Ìbejì, ohun tí o rí lára ọmọ rẹ yẹn, àwọn ọ̀mọ̀wé ti jà lé e lórí kí wọ́n tó bí púpọ̀ nínú yín. Ní 1963, Richard Braddock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbọ̀ ìwádìí jáde ní Amẹ́ríkà pé gírámà tí wọ́n ń dá kọ́ lọ́tọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ran ọmọ lọ́wọ́ nínú ìwé kíkọ, ó tilẹ̀ lè pa á lára torí àkókò tó yẹ kó fi kọ̀wé ló ń jẹ. Ní 2007, Steve Graham àti Dolores Perin kó ìwádìí rẹpẹtẹ jọ lórí àwọn ọmọ ipele kẹrin sí ìkejìlá. Bí wọ́n ṣe wọn ipa ọ̀nà ìkọ́ni kọ̀ọ̀kan lára ìwé tí ọmọ ń kọ, ti gírámà àdákọ́ já sí -0.32, ìyẹn ni pé ó wọ abẹ́ òdo. Ti kí ọmọ máa so gbólóhùn kéékèèké pọ̀ di ńlá jẹ́ 0.50.

Ẹ má tìtorí èyí sáré lọ kó gírámà dànù. Nínú púpọ̀ ìwádìí wọ̀nyẹn, kíláàsì gírámà ni wọ́n kàn fi ṣe òdiwọ̀n fún kíláàsì kejì tí wọ́n ń gbé ọ̀nà tuntun yẹ̀ wò. Kò sẹ́ni tó fi gbogbo agbára wá ọ̀nà tó dára jù láti kọ́ gírámà níbẹ̀. Ohun tí mo gbà nínú rẹ̀ ni pé ọ̀nà tí à ń gbà kọ́ ọ ló níṣòro. Ọmọ tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ olùwà, báwo lo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún un pé olùwà rẹ̀ ò bá ọ̀rọ̀-ìṣe mu?

Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń so gbólóhùn pọ̀. Kọ mẹ́ta kéékèèké fún ọmọ:

My grandmother lives in Abeokuta. She sells cloth. The cloth is called adire.

Ní kó sọ wọ́n di ọ̀kan, kó sì ṣe é lóríṣiríṣi ọ̀nà. Ó lè kọ ọ́ báyìí: My grandmother, who lives in Abeokuta, sells a cloth called adire. Ó dáa. Wá bi í pé kí ni kọ́mà méjèèjì ń ṣe níbẹ̀. Ní kó yọ wọ́n: My grandmother who lives in Abeokuta sells a cloth called adire. Ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Pẹ̀lú kọ́mà, ìyá àgbà kan ṣoṣo là ń sọ, a kàn fi ibi tó ń gbé kún un. Láìsí kọ́mà, à ń ya ti Abẹ́òkúta sọ́tọ̀ kúrò lára ìyá àgbà mìíràn, bóyá èyí tó wà ní Ọ̀yọ́. Ọmọ rẹ ló mọ iye ìyá àgbà tó ní. Òun ló máa sọ èyí tó jẹ́ òótọ́, òtítọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló sì máa pinnu kọ́mà. Láti ọjọ́ yẹn, kò ní máa fọ́n kọ́mà síbi tó bá ti fẹ́ mí.

Lórí ọ̀rọ̀ ìwé tó o fẹ́ rà, má rà á kó o tó mọ ohun tó ń ṣe ọmọ. Gbé nǹkan mẹ́ta tó kọ láìsí ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni jáde. Ka àṣìṣe inú wọn, kó o sì tò wọ́n ní oríṣi-oríṣi: ti kọ́mà lọ́tọ̀, ti apostrophe lọ́tọ̀, ti olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe lọ́tọ̀, ti ìgbà tó ń yí padà láàárín ìpínrọ̀ lọ́tọ̀. Èyí tó bá pọ̀ jù ni kó o mú. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Alágbẹ̀dẹ Kọ̀ǹpútà, Manchester:

Ẹ ṣeun mà. Ìbéèrè tèmi ni pé ẹ̀rọ ti ń tún gírámà ṣe báyìí. Ẹ kọ ohunkóhun, ó máa fa ìlà sí i, á sọ ohun tó yẹ kó jẹ́. Ṣé kò ní dáa ká fi àkókò yẹn kọ́ àwọn ọmọ ní bí wọ́n ṣe ń ronú?

Akẹ́kọ̀ọ́jáde, Atlanta:

Mo kí gbogbo yín o, mo kúnlẹ̀. Èmi kì í ṣe òbí, èmi ni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé títí mo fi wọ yunifásítì, mo rò pé ó dáa kí ẹ gbọ́ látẹnu wa náà.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ náà wúlò, èmi náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n ó máa ń dábàá ohun tí kò tọ̀nà, pàápàá nínú gbólóhùn tó gùn, ẹni tí kò mọ gírámà á kàn máa tẹ «gbà á, gbà á» ni. Irú àpẹẹrẹ tí Màmá fi ìyá àgbà ṣe yẹn, ẹ̀rọ ò mọ iye ìyá àgbà tí mo ní. Kò sì sí ẹ̀rọ kankan tí yóò bá ọmọ wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti SAT àti ACT, àwọn ìdánwò tí ọmọ fi ń wá àyè sí yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Láti 2024 tí SAT ti di ti orí kọ̀ǹpútà níbí, ìbéèrè 54 ló wà ní abala ìwé kíkà àti kíkọ, ìṣẹ́jú 64 ni wọ́n fi ń ṣe é. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin wọn ló jẹ́ gírámà àti àmì ìkọ̀wé. ACT náà yí padà ní 2025, ti Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ di ìbéèrè 50 láàárín ìṣẹ́jú 35. Ohun tó mú inú mi dùn nígbà tí mò ń múra sílẹ̀ ni pé nǹkan tí wọ́n ń bi ni léèrè kò pọ̀. Ibi tí gbólóhùn parí sí, semicolon, kọ́mà, apostrophe, olùwà tó jìnnà sí ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀, ìgbà, àti àpólà tó so mọ́ ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ wo èyí: Walking home from church, the rain soaked my sister's books. Ta ló ń rìn bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì? Gbólóhùn yìí ní òjò ni. Wọn kì í bi yín pé kí ni orúkọ àpólà náà. Ẹ kàn gbọ́dọ̀ rí i pé ẹni tó ń rìn kò sí níbẹ̀ ni.

Ohun mìíràn tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo kọ́ Spanish. Ibẹ̀ ni gbogbo orúkọ tí mo ti há sórí láti kékeré ti rí iṣẹ́ ṣe, torí ọ̀rọ̀-ìṣe wọn ń yí padà fún olúkúlùkù, ẹ ò lè ṣe é láìmọ olùwà. Bí ọmọ yín bá máa kọ́ èdè mìíràn láàárín ọdún mẹ́rin yìí, ẹ jẹ́ kí èdè náà gbé apá tó pọ̀ nínú ẹrù gírámà. Bó bá sì jẹ́ Yorùbá lẹ fẹ́ kọ́ ọ, ẹ kọ́ ọ tòun ti gírámà rẹ̀: olórí awẹ́-gbólóhùn, awẹ́-gbólóhùn afarahẹ tí kò lè dá dúró, ohùn àti àmì ohùn. Ẹ má fi mọ sí ìkíni àti orúkọ oúnjẹ.

Alágbẹ̀dẹ Kọ̀ǹpútà, Manchester:

Ọ̀rọ̀ yìí yé mi. Ẹ ṣé gan-an, àbúrò.

Bàbá Ọmọ Ìdánwò, Ìbàdàn:

Ẹ má gbàgbé àwa tá a wà nílé o. Àwa náà ń kọ́ ọmọ nílé, a kò sì pọ̀, àwọn aládùúgbò ṣì ń bi wá pé ṣé owó ilé-ìwé ni kò sí. WASSCE ti àwọn tí kò sí nílé-ìwé ni àwọn ọmọ wa ń forúkọ sílẹ̀ fún, JAMB sì ń dúró dè wọ́n. Nínú JAMB, ìbéèrè 40 ni ti iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló jẹ́ 60, kò sì sẹ́ni tí wọn ò ní kó ṣe é.

Ti WAEC ni mo fẹ́ kí òbí mọ̀ dáadáa. Àròkọ gba máàkì 50: ti ohun tí ọmọ sọ jẹ́ 10, bó ṣe tò ó jẹ́ 10, bó ṣe lo èdè jẹ́ 20, 10 tó kù sì jẹ́ ti àṣìṣe gírámà, sípẹ́lì àti àmì ìkọ̀wé. Ìdajì máàkì ni wọ́n ń yọ fún àṣìṣe kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: àṣìṣe 20 péré, gbogbo 10 yẹn ti lọ. Ọmọ tó lóye, tó ní ohun tó fẹ́ sọ, á wá máa wo ẹni tí kò tó o tó ń gba máàkì jù ú lọ.

Nítorí náà èmi kò lè sọ pé ká dá gírámà dúró. Ohun tá a ń ṣe ni pé tí ọmọ bá kọ àròkọ tán, á gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lọ́jọ́ kejì á kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀kan, kó má bàa jẹ́ pé ìtàn ló ń gbé e lọ. Ìkà kan fún olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan, ìkà kejì fún ìgbà, ìkẹta fún àmì ìkọ̀wé. Ó ń gba sùúrù. Tí ìdánwò bá wá kù sí dẹ̀dẹ̀, ìbéèrè àtẹ̀yìnwá la ń kó jọ, a fi ìwé iṣẹ́ sílẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Leeds:

Kíkà láti ìsàlẹ̀ yẹn! Màá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́la pẹ̀lú ọmọkùnrin wa.

Ìyá Ìbejì, Houston:

Màmá Tíṣà, ẹ ṣeun, ẹ óò pẹ́ fún wa. Mo ṣe bí ẹ ṣe wí. Mo gbé mẹ́ta jáde: àròkọ lórí Mansa Musa, àbọ̀ ìwé tó kà, àti lẹ́tà tó kọ sí ìbátan wa. Mo tò wọ́n bí ẹ ṣe ní kí n tò wọ́n. Olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní àbùkù kankan. Ìgbà dáa. Apostrophe díẹ̀, gbogbo rẹ̀ lórí «its» àti «it's». Ibi tí iṣẹ́ wà ni gbólóhùn méjì tó fi kọ́mà so pọ̀, irú bíi Mansa Musa travelled to Mecca, he took a lot of gold with him. Ìyẹn pọ̀ ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹ wá wo ìwé tí mo fẹ́ rà, mo ṣí àpẹẹrẹ rẹ̀ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ọ̀rọ̀-orúkọ ló gba orí méjì àkọ́kọ́, ohun tó ń yọ ọmọ mi lẹ́nu wà ní apá ìparí. Mi ò ní rà á.

Ìbéèrè tó kù: báwo ni kí n ṣe kọ́ ọ ní ẹyọ kan yìí láìsọ ọ́ di ìwé iṣẹ́ mìíràn?

Màmá Tíṣà, Abẹ́òkúta:

O ti ṣe é dáadáa. Gbólóhùn ti Mansa Musa yẹn gan-an ni kó o lò, má wá òmíràn. Ní kó ka apá kìíní, kó dúró. Ṣé ó dá dúró? Ó dá dúró. Apá kejì ńkọ́? Òun náà dá dúró. Kọ́mà nìkan kò lágbára láti so irú méjì bẹ́ẹ̀. Wá ní kó tún un kọ lóríṣi mẹ́rin: kó fi fúlúsítọ́ọ̀pù ya wọ́n, kó fi semicolon sáàárín, kó fi «and» tẹ̀ lé kọ́mà, kó sì sọ ọ̀kan di awẹ́-gbólóhùn afarahẹ: When Mansa Musa travelled to Mecca, he took a lot of gold with him. Lẹ́yìn náà ni kó yan èyí tó bá ìpínrọ̀ rẹ̀ mu, kó sì sọ ìdí rẹ̀ fún ọ. Jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́nu. Ṣe bẹ́ẹ̀ sí gbogbo èyí tó bá yọjú nínú iṣẹ́ rẹ̀, má fi kún un, títí wàá fi rí i pé kò ṣe é mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ wá kọjá sí «its» àti «it's», ìyẹn kò ní gba yín lákòókò.

Bàbá Àkọ́bí, Dallas:

Ẹ tọ́jú gbogbo ìwé tó bá fi tún wọn kọ yẹn, Ìyá Ìbejì, kí ẹ kọ déètì sí i lórí. Bó bá sì wù ú láti gba kọ́ọ̀sì ní community college kó tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ nílé, àwọn ilé-ìwé wa níbí sábà máa ń ní kí ọmọ ṣe ìdánwò TSIA2, èyí tí wọ́n fi ń wò ó bóyá ọmọ ti tó ṣe iṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àròkọ wà nínú ti Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, kì í ṣe ká kàn mú ìdáhùn nìkan.

Ìyá Ọmọ Mẹ́rin, Maryland:

Kí n fi ọ̀kan kún un, torí wọ́n á bi yín léèrè lọ́jọ́ iwájú. Nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ tí ẹ óò fi ránṣẹ́ sí yunifásítì, ẹ má kọ gírámà sí ìlà tirẹ̀. English 9 ni kí ẹ kọ, kí ìwé kíkà, àròkọ àti gírámà jọ wà nínú kírédíìtì kan ṣoṣo. Ọdọọdún bẹ́ẹ̀, títí di English 12, torí Gẹ̀ẹ́sì ọdún mẹ́rin ni púpọ̀ nínú àwọn yunifásítì máa ń wò fún. Ẹ kọ àlàyé kọ́ọ̀sì náà sí ìwé ọ̀tọ̀ ní ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan, ìpínrọ̀ kan ti tó: ìwé tó kà, irú àròkọ tó kọ, àti pé inú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ ti kọ́ ọ ní gírámà. Ẹ má jẹ́ kó di ipele kejìlá kí ẹ tó máa rántí ohun tí ẹ ṣe ní ipele kẹsàn-án.